Èló Ni Ìjàpá Ẹ̀yìnkùlé? Àgbéyẹ̀wò Ìdíyelé Ọkọ̀ Àtijọ́

Ọkọ̀ Mẹsídíìsì dúdú kan wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti Oníkan l'Ékòó. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1976, nígbà tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ dá a dúró n'Íkòyí. Ihò ọta wà lára bọ́dì rẹ̀. Ká ní aláàánú kan lọ pe panẹ́bítà sí i lóru ọjọ́ kan, tó ní kó dí gbogbo ihò yẹn, kó pààrọ̀ gíláàsì, kó sì kùn ún kó máa dán bíi dígí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ohun tí yóò kù nílẹ̀ kò ní ju Mẹsídíìsì àgbàlagbà kan lọ, irú èyí tí èèyàn lè bá ní ẹ̀yìnkùlé olóyè n'Íbàdàn. Yóò lẹ́wà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò sì ní já mọ́ nǹkan kan mọ́.

Àwọn èèyàn máa ń béèrè pé èló ni ọkọ̀ àtijọ́ tó, bí ẹni pé ọdún tó lò láyé ni a óò fi ṣe ìṣirò náà. Àwọn kan gbà pé bí ọkọ̀ bá ṣe pẹ́ tó ni owó rẹ̀ ṣe ń gun òkè tó. Àwọn mìíràn, àwọn ló sì pọ̀ jù, gbà pé ọkọ̀ tó bá ti lé ní ogún ọdún, oníkòǹdẹ̀mù ló ni ín. Tọ̀tún tòsì wọn ló ṣìnà. Ohun tí ẹni tó mọ ọkọ̀ àtijọ́ ń fi owó rẹ̀ wá ni pé kí ọkọ̀ náà ṣì jẹ́ ara rẹ̀, kí ẹ̀rí sì wà nílẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Yorùbá ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà yẹn gan-an ni ọjà. Ọ̀dà tó ń dán, ìjókòó tó rọ̀, gbogbo ìyẹn wà lára ọkọ̀ tuntun. Ṣùgbọ́n ibi tí ìgúnpá awakọ̀ ti fi ogójì ọdún bó ọ̀dà lójú fèrèsé, kò sí ilé iṣẹ́ kankan tó lè ṣe é.

Ìròyìn gbàǹjo òkè òkun ló ń kọ́kọ́ da orí àwọn èèyàn rú. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ilé iṣẹ́ Mercedes-Benz ta ọkọ̀ 300 SLR kan tí wọ́n ṣe ní 1955 ní mílíọ̀nù 135 yúrò. Méjì péré ni wọ́n ṣe irú rẹ̀ láyé. Nígbà tí ẹni tó ní Mẹsídíìsì 200 lágbàlá rẹ̀ l'Óṣogbo bá gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, orí rẹ̀ á wú, á ní òun náà ti dé nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ohun tó pa ọkọ̀ méjèèjì pọ̀ kò ju ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta tó wà níwájú wọn lọ.

Èyí tó ní ẹ̀kọ́ nínú fún wa ni ti Ford Mustang ọdún 1968 tí òṣèré Steve McQueen wà nínú fíìmù Bullitt. Lẹ́yìn fíìmù yẹn, ọkọ̀ náà bọ́ sọ́wọ́ ìdílé kan tó rà á ní 6,000 dọ́là ní 1974, tí ìyàwó ilé sì ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ bí ọkọ̀ yòówù. Ní 1977, McQueen fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà sí wọn pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n tà á padà fún òun. Wọn kò tà á. Wọn kò kùn ún, wọn kò sì ju lẹ́tà náà nù. Ọ̀dà rẹ̀ ṣá, ìpáàrà wà lára rẹ̀, irin tí àwọn onífíìmù jó mọ́ abẹ́ rẹ̀ láti gbé kámẹ́rà sí ṣì wà níbẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, níbi gbàǹjo kan ní ìpínlẹ̀ Florida, owó gun orí rẹ̀ títí ó fi dé mílíọ̀nù 3.4 dọ́là, láìka owó tí àwọn onígbàǹjo fúnra wọn ń gbà. Mustang mìíràn tí wọ́n ṣe lọ́dún kan náà, tó mọ́ jù ú lọ fíìfíì, kò lè gba ìdá kan nínú mẹ́wàá owó yẹn. Èmi kì í yé ronú nípa lẹ́tà yẹn. Pépà lásán ni, ṣùgbọ́n òun ló so irin mọ́ ìtàn.

Ọdún 2015 ni wọ́n ta Ferrari 250 GT California Spider kan ní Paris ní mílíọ̀nù 16 yúrò ó lé. Inú gáréèjì kan ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti bá a, ìwé ìròyìn àtijọ́ kún orí rẹ̀ bí ẹrù aláàárù. Àwọn onígbàǹjo gbé e wá tòun teruku. Ẹ fi ọ̀rọ̀ eruku yẹn sọ́kàn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká padà sílé, nítorí Ferrari kò sí ní ẹ̀yìnkùlé wa. Ohun tó wà níbẹ̀ ni Volkswagen tí à ń pè ní Ìjàpá, àti Pijó 504. Ìjàpá tí wọ́n ṣe láyé jẹ́ 21,529,464; èyí tó kẹ́yìn jáde ní ìlú Puebla, ní Mẹ́síkò, ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2003. Ohun tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í wọ́n bọ̀rọ̀. Síbẹ̀ Ìjàpá ju Ìjàpá lọ. Èyí tí fèrèsé ẹ̀yìn rẹ̀ pín sí méjì, tí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀ ní 1953, ọ̀tọ̀ ni ọjà tirẹ̀. Àwọn tó bá mọ̀ ọ́n kì í wo iwájú ọkọ̀ rárá, ẹ̀yìn ni wọ́n ń sáré lọ.

Ọ̀wọ́n nìkan kò sì tó. Ilé iṣẹ́ Volkswagen tó wà l'Ékòó ń to ọkọ̀ Brasília ti ilẹ̀ Bùràsíìlì pọ̀ nígbà kan, wọ́n sì sọ ọ́ ní Igala. Ẹni tó bá rí Igala tó ń rìn lónìí, kó ya fọ́tò rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò tíì pàdé ẹni tó ń sunkún Igala. Àwọn tó ń sunkún 504 pọ̀ bí eṣú. Ohun tó wọ́n tí kò sẹ́ni tó ń wá a, ó wọ́n lásán ni. Ẹ sì wo 504 fúnra rẹ̀: àwọn ará Pininfarina ní Ítálì ló yàwòrán rẹ̀, ó jáde ní 1968, ó gba oyè ọkọ̀ ọdún ní Yúróòpù ní 1969, wọ́n sì ṣe é ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ. Nínú gbogbo èyí, àwọn onílẹ̀kùn méjì, tòun ti èyí tí òrùlé rẹ̀ ń ṣí, kò tó 35,000. Orúkọ kan náà ni, iwájú wọn jọra díẹ̀, ṣùgbọ́n owó onílẹ̀kùn mẹ́rin kò lè ra ìdajì èyí tó ń ṣí òrùlé.

Ohun kan wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín tó sì ń dùn mí pọ̀. Kombi Volkswagen àwọn ọdún 1950 sí 1960, èyí tí fèrèsé kéékèèké yí òrùlé rẹ̀ ká, ti ń tà ju 100,000 dọ́là lọ l'Ámẹ́ríkà. Àbúrò rẹ̀ ni a sọ di dánfó. A gé e, a jó o, a fi pákó ṣe ìjókòó rẹ̀, a fi í kó èrò láti Ọ̀ṣòdì dé Muṣin títí ó fi rọ kalẹ̀ lábẹ́ wa. N kò sọ pé a ṣe àṣìṣe o. Èrò gbọ́dọ̀ délé.

Kí èèyàn tó lè díyelé ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ wa, ó yẹ kó mọ bí ọkọ̀ náà ṣe dé. Ọwọ́ òsì títì ni à ń gbà tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní ọkọ̀ òun ti wà n'Íbàdàn láti 1965, ọwọ́ ọ̀tún ni ó yẹ kí sitiárì rẹ̀ wà. Bí ó bá wà lọ́wọ́ òsì, ìbéèrè ti dé: ṣé wọ́n gbé e sọdá ni, àbí láti Kùtọnu, níbi tí wọn kì í gba ọwọ́ òsì, ló ti wọlé? Ìdáhùn lè dára. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wà.

Lẹ́yìn náà ni 1975 dé. Ọdún yẹn kan náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà Badagry l'Ékòó, tí Pijó sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Kàdúná. Owó Udoji, ìyẹn àfikún owó oṣù, ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba nígbà náà. Tíṣà tó ń gun kẹ̀kẹ́ di onímọ́tò. Ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ tí koríko ti hù mọ́ lẹ́yìn ilé àwọn bàbá wa, ọmọ Udoji ni wọ́n. Ibi tí àwọn òǹrajà sì ti ń kọsẹ̀ nìyí: ní Yúróòpù, 504 onílẹ̀kùn mẹ́rin kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1983, ṣùgbọ́n Kàdúná ń tò ó títí wọ inú àwọn ọdún 2000, ojú rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ẹni tó ń fọ́nnu pé 504 òun ti lé lógójì ọdún lè máa sọ̀rọ̀ èyí tí kò tíì pé ọgbọ̀n. Ojú ọkọ̀ kò lè jẹ́rìí ọjọ́ orí rẹ̀. Nọ́ńbà ṣaásí ló lè jẹ́ ẹ.

Pijó ọlọ́yẹ́ ńkọ́? Nígbà tí ọkọ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwọn baba wa wo òtútù inú rẹ̀, wọ́n ní ọyẹ́ ló ń mú níbẹ̀, wọ́n bá pe ọkọ̀ náà ní ọlọ́yẹ́. Oyè ńlá ni nígbà yẹn. Lónìí, ọyẹ́ tó ṣì ń mú nínú ọkọ̀ ọdún 1978, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó bá a dé, lè fi kún owó rẹ̀. Èyí tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ Toyota rọ́pò kò fi nǹkan kan kún un, àfi ìtura ẹni tó jókòó.

Àyẹ̀wò ọkọ̀ ni ibi tí mo fẹ́ràn jù. Ẹni tó bá fẹ́ díyelé Ìjàpá, kó má bẹ̀rẹ̀ láti òde. Kó ṣílẹ̀kùn, kó gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè. Lábẹ́ rẹ̀ lápá ọ̀tún ni bátìrì máa ń wà, omi bátìrì tó sì ń kán sílẹ̀ lọ́dọọdún a máa jẹ irin ibẹ̀ títí èèyàn á fi jókòó sínú ọkọ̀ tí yóò máa wo títì. Níbẹ̀ náà, lórí irin tó yọ gẹ̀gẹ̀lẹ̀ láàárín ilẹ̀ ọkọ̀, ni wọ́n tẹ nọ́ńbà ṣaásí sí. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, nísàlẹ̀ ibi tí dáínámò jókòó sí. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá bá ohun tó wà nínú ìwé ọkọ̀ mu, ẹ ti rí ohun tó ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ wa. Bọ́ọ̀tù mẹ́rin péré ló de ẹ́ńjìnnì Ìjàpá mọ́ jíà, mẹkáníìkì méjì á sì gbé e jáde kí ẹ̀wà tó jinná lórí iná. Ìrọ̀rùn yẹn ló mú kí Ìjàpá pẹ́ láyé, òun náà ló sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan máa gbé lẹ́yìn òmíràn káàkiri ìlú bí àlejò. Kí ẹ tún fọwọ́ pa irin gbọọrọ tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bí ìyẹn bá ti jẹrà, ilẹ̀ ọkọ̀ ń wá ibi tí yóò jábọ́ sí.

Ti 504, ibi tí sọkọ́ iwájú ti gún bọ́dì lókè ni kí ẹ wò dáadáa, àti abẹ́ ilẹ̀kùn. Sitéṣọ̀n wágọ́ọ̀nù ní tirẹ̀ ti ṣe wàhálà láyé: òun ló ń kó èrò láti ìdíkọ̀ sí ìdíkọ̀, ẹrù ìyá ọlọ́jà wà lórí rẹ̀, èrò mẹ́sàn-án wà nínú rẹ̀. Ká sòótọ́, mo gba ti wágọ́ọ̀nù ju ti ọkọ̀ ọ̀gá lọ, nítorí òun ló gbé wa. 504 náà ló gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní Kẹ́ńyà ní 1975 àti 1978, kò sì ya ẹni tó ti wọ̀ ọ́ láti Ìlọrin dé Ṣókótó lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tèmi kọ́ ni ọjà. Òǹrajà á fẹ́ ọkọ̀ tíṣà tí kì í rìn ju ilé, ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré dání. Ẹ máa gbé e sí ara bọ́dì káàkiri. Ibi tó bá ti kọ̀ tí kò lẹ̀ mọ́, fílà ló wà níbẹ̀. Fílà ni mo wí, kì í ṣe fìlà: ohun bí amọ̀ tí àwọn panẹ́bítà fi ń dí ihò kí wọ́n tó kun ọ̀dà. Àmọ́ iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì ń ṣe, orí pípá ni wọ́n ń bò. Bí kò bá sí mágínẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ìka kàn án. Irin á dún ketekete, fílà á dún bí ìgbà téèyàn ń kan páálí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ìjàpá kan l'Ábẹ́òkúta, aláwọ̀ ojú ọ̀run tó ti ṣá. Wọ́n sọ fún un pé ọkùnrin kan tó ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, pé ó fẹ́ wá wò ó. Inú Bàbá dùn. Kí àlejò tó dé, ó ti gbé ọkọ̀ fún panẹ́bítà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ìjàpá ti di pupa bí ata rodo. Wọ́n ti rán aṣọ ìjókòó tuntun, wọ́n ti gé dáṣíbọ́ọ̀dù kí rédíò ńlá lè wọ ibẹ̀, wọ́n ti fi bọ́ḿpà tó ń kọ mànà rọ́pò ti àtijọ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ọkùnrin náà, ó sì mọ ọkọ̀. Ó yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè, ó kúnlẹ̀. Wẹ́dà ti jó irin tuntun bo ibi tí nọ́ńbà wà.

Ó dìde, ó gbọn orúnkún. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣeun, sà. Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ kó àwọn nǹkan tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ sí?"

Bàbá ní oníkòǹdẹ̀mù ti kó wọn lọ.

Ọkùnrin náà kò sọ̀rọ̀ owó rárá. Ó jẹ iyán tí wọ́n gbé fún un, ó kí ìyàwó ilé, ó sì lọ. Bàbá bínú sí panẹ́bítà fún ọ̀pọ̀ oṣù, ṣùgbọ́n panẹ́bítà kò jẹ̀bi. Ohun tí gbogbo wa máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe náà ló ṣe. Ìtúnṣe tiwa, kí ọkọ̀ lè padà sójú títì ni. A kì í tún un ṣe kó lè jẹ́rìí ara rẹ̀.

Ìbéèrè yìí le ju bẹ́ẹ̀ lọ ní Kúbà. Láti ìgbà tí Amẹ́ríkà ti pa ọ̀nà ọjà mọ́ erékùṣù náà lẹ́yìn ìyípadà ọdún 1959, Chevrolet, Buick àti Ford àwọn ọdún 1950 ló ń kó èrò ní Havana. Almendrón ni wọ́n ń pè wọ́n. Láti òde, ẹ ó rò pé gbàǹjo Florida ló yẹ wọ́n. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ ó bá ẹ́ńjìnnì Lada ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà, tàbí ti dísù tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ mìíràn, àti ẹ̀yà tí alágbẹ̀dẹ rọ lójú ara rẹ̀. Onígbàǹjo á mirí. Àmọ́ títí di ọdún 2011, ọkọ̀ tó ti wà kí ìyípadà yẹn tó dé nìkan ni òfin Kúbà gbà kí ará ìlú máa rà kó sì máa tà fàlàlà. Ẹni tó ní Chevrolet 1956 ní ohun tó ṣeé tà. Aládùúgbò rẹ̀ tó ní Lada tó kéré sí i lọ́jọ́ orí kò ní i. Òfin ló dá iye yẹn, kì í ṣe ọjọ́ orí, kì í sì ṣe ẹwà. Mo máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí dá àwọn tó ń pe ìtúnṣe gbogbo ní ìbàjẹ́ lóhùn. Ọwọ́ alágbẹ̀dẹ Havana lára ọkọ̀ yẹn, ìtàn lòun náà, bí kò tilẹ̀ sí nínú ìwé òǹdíyelé kankan.

Òfin ń dá iye níbòmíràn pẹ̀lú. Ní Jámánì láti 1997, ọkọ̀ tó ti pé 30 ọdún tí ìrísí rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ìbẹ̀rẹ̀ lè gba nọ́ńbà tí lẹ́tà H parí, owó orí rẹ̀ á sì dín kù. Ní Bùràsíìlì, níbi tí wọ́n ti ń pe Ìjàpá ní Fusca, àwo nọ́ńbà dúdú ni wọ́n ń fún ọkọ̀ tó ti lé ní 30 ọdún tó bá yege nínú àyẹ̀wò ojúlówó. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í gba owó títì lọ́wọ́ ọkọ̀ tó bá ti kọjá 40 ọdún. Amẹ́ríkà kì í jẹ́ kí ọkọ̀ tí kò bá òfin ààbò wọn mu wọlé, àfi tó bá pé 25 ọdún. Ìdí nìyẹn tí owó àwọn ọkọ̀ Japan kan fi ń fò sókè bí ọjọ́ ìbí wọn ṣe ń sún mọ́lé. Òfin tiwa tí gbogbo èèyàn mọ̀ lórí ọjọ́ orí ọkọ̀, ti aṣọ́bodè ni: tòkúnbọ̀ tó bá ti dàgbà jù ló ń dá padà.

Ilé iṣẹ́ adójútòfò Hagerty l'Ámẹ́ríkà ń pín ipò ọkọ̀ sí mẹ́rin. Ti kìíní ni ọkọ̀ ìdíje ẹwà tí kò sí ìyẹ̀fun eruku kan lára rẹ̀. Ti kejì lè gba ẹ̀bùn níbi tí ti kìíní kò bá sí. Ti kẹta ń lọ òde ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé láìdójú tini. Ti kẹrin ń rìn, àbùkù rẹ̀ sì hàn sí gbogbo ayé. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí onílé ń pè ní ti kìíní, ti kẹta ni. Àlàfo tó wà láàárín wọn ló sì ń jẹ owó. Ká sọ pé Ìjàpá yín tó mílíọ̀nù méjì náírà bó ṣe dúró yẹn. Ẹ ná mílíọ̀nù mẹ́fà lé e lórí, ó mọ́ tónítóní, ẹ gbé e lọ sọ́jà, wọ́n ní mílíọ̀nù márùn-ún. Mẹ́jọ ti wọlé, márùn-ún ló jáde. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é nítorí ọkọ̀ bàbá rẹ̀, kó ṣe é, iyì ló ń rà. Kó má kàn pe iyì ní iye nígbà tí òǹrajà bá dé.

Ta ni yóò wá díyelé e fún wa níhìn-ín? Kò sí gbàǹjo tí gbogbo ayé ń kà, nítorí náà ọjà mẹ́ta ló wà. Oníkòǹdẹ̀mù ń fi òṣùwọ̀n wọn irin. Lọ́dọ̀ rẹ̀, Ferrari àti kẹ̀kẹ́ ìránṣọ tó ti kú ò yàtọ̀. Ẹlẹ́kejì ni ọjà ayẹyẹ àti ti fíìmù: ọkọ̀ ìyàwó, ọkọ̀ eré. Ìtàn inú fíìmù October 1 tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní 2014, ọdún 1960 ló wáyé; ẹ ò lè gbé Camry kọjá nínú rẹ̀. Ọjà yìí kò bìkítà nípa nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, ojú ló ń wò, owó ọjọ́ kan ló sì ń san. Ẹlẹ́kẹta ni àwọn tó ń kó ọkọ̀ jọ, nílé àti lẹ́yìn odi. Àwọn ló ń san owó tó nípọn, àwọn ló sì ń béèrè pépà: rìsíìtì àkọ́rà, ìwé ọkọ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ní in, àwo nọ́ńbà tó ti wà ṣáájú kí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tó mú nọ́ńbà tuntun dé ní 1992, èyí tó ń fi LA, OY tàbí OG bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó sọ irú àwo bẹ́ẹ̀ sórí ààtàn nítorí pé "kò wúlò mọ́". Ẹni tó mọ iyì wúrà là á tà á fún, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ rí i pé ẹ ò tíì fi wúrà náà dí ihò adìyẹ.

Ìfẹ́ pàápàá ń yí. Ọkọ̀ tí èèyàn ń fi ojú ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wò láti ẹ̀gbẹ́ títì ni yóò fẹ́ rà nígbà tó bá lówó ní ọgọ́ta ọdún. Bí ìran náà bá kọjá lọ, ọjà ọkọ̀ wọn á rọ̀. Bó ṣe ń ṣe àwọn ọkọ̀ tó ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì nìyẹn lókè òkun. Àwọn tó dàgbà nígbà Udoji ló ń gbé owó 504 ró nísinsìnyí. Àwọn ọmọ wọn mọ Honda tí wọ́n ń pè ní Baby Boy àti èyí tí wọ́n sọ ní End of Discussion. Ṣé àwọn wọ̀nyí náà yóò di ọkọ̀ ìṣẹ̀ǹbáyé? Mo rò bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tí ìgboro bá fún lórúkọ kì í kú bọ̀rọ̀.

Ní ọdún tó kọjá, wọ́n mú mi lọ wo 504 funfun kan n'Íjẹ̀bú-Òde. Tíṣà ni ọkọ Màmá tó ni ilé náà, ó ti sùn tipẹ́. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti rọ, OG ṣì wà níwájú àti lẹ́yìn. Mo ṣí àpótí iwájú, mo bá ìwé kékeré kan: gbogbo ọjọ́ tí bàbá náà pààrọ̀ ọ́ìlì ló kọ sílẹ̀ pẹ̀lú iye kìlómítà tí ọkọ̀ ti rìn, lọ́wọ́ tíṣà, láti ojú ìwé kìíní dé òpin. Rìsíìtì wà láàárín rẹ̀, ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Mo gbé mágínẹ́ẹ̀tì sí ara bọ́dì káàkiri, kò já bọ́ níbì kankan. Lórí ìjókòó ẹ̀yìn, adìyẹ kan yé ẹyin mẹ́fà.

Mo yọ fóònù jáde kí n ya fọ́tò. Màmá sáré dé pẹ̀lú korobá omi, ọṣẹ àti kànìnkànìn. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣe sùúrù, jẹ́ kí àwọn ọmọ yìí wá bá wa fọ̀ ọ́ kó lè ṣeé wò."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gba korobá náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Màmá, mo bẹ̀ yín, ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹyin yẹn nìkan ni kí ẹ bá mi kó kúrò."